Bí A Ṣe Ń Gba Ìrántí Ìgbà Èwe Nípa Sákọ́ọ̀sì Alárìnkiri Sílẹ̀

Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 1956, ní ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ sákọ́ọ̀sì (àwọn tí ń fi ẹṣin, ẹranko, ìtàkìtì àti àwàdà dá òǹwòran lára yá nínú agbo róbótó) Ringling Bros. and Barnum & Bailey ṣeré fún ìgbà ìkẹyìn lábẹ́ àgọ́ aláṣọ ńlá tí wọ́n ń gbé kiri. Láti ìgbà náà lọ, inú gbọ̀ngàn tí a kọ́ mọ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣeré. Ọmọ ọdún méje tí òbí rẹ̀ mú lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún báyìí. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ṣì ń gbé àgọ́ kiri lẹ́yìn ìgbà náà, ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù, ṣùgbọ́n iye wọn ń dín kù, àwọn tí wọ́n sì fi ojú ọmọdé rí sákọ́ọ̀sì nígbà tí ó jẹ́ ìran tí gbogbo ìlú ń pa iṣẹ́ tì lọ wò ń darúgbó, wọ́n sì ń kú. Ẹni tí ó bá ní òbí, aládùúgbò tàbí ọ̀rẹ́ àgbà tí ó ní irú ìrántí bẹ́ẹ̀, tàbí tí òun fúnra rẹ̀ ní in, ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún.

Ohun tí mo gbà gbọ́, tí gbogbo ìmọ̀ràn tí ó tẹ̀ lé e sì dá lé lórí, ni pé eré inú agbo kọ́ ni ọmọdé máa ń rántí jù. Dídé sákọ́ọ̀sì àti ìpalẹ̀mọ́ rẹ̀ ni ó máa ń wọ ọmọ lọ́kàn: pápá tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ lánàá ti di ìlú aláṣọ lónìí, yóò sì tún di pápá lásán lọ́la. Bí ẹ bá bi àgbàlagbà léèrè pé kí ni ó rí, yóò sọ pé òun rí erin, òun rí kìnnìún, òun rí aláwàdà onímú pupa, èyí tí ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí náà lè sọ fún yín. Bí ẹ bá bi í pé báwo ni ó ṣe gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀, ta ni ó mú un lọ, ibo ni owó ìwọlé ti wá, kí ni ó sì kù sórí pápá ní ọjọ́ kejì, ìgbà náà ni ẹ óò gbọ́ ohun tí òun nìkan ṣoṣo rí.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó lọ

Kò pọn dandan kí ẹ di òpìtàn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ bí iṣẹ́ sákọ́ọ̀sì ṣe rí kì yóò mọ ohun tí ó yẹ kí òun tún béèrè nígbà tí ìdáhùn kan bá bọ́ sí i létí. Philip Astley, ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin tẹ́lẹ̀ rí, ni ó bẹ̀rẹ̀ irú eré yìí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1768. Ó ń gun ẹṣin yípo, nítorí pé ó rọrùn fún ẹni tí ó dúró lórí ẹ̀yìn ẹṣin tí ń sáré yípo láti má ṣubú ju ẹni tí ẹṣin rẹ̀ ń sáré lọ gbọọrọ lọ. Ìbú agbo tí ó fìdí múlẹ̀ láti ìgbà ayé rẹ̀ ni ẹsẹ̀ bàtà 42, nǹkan bíi mítà 13, ìwọ̀n yìí náà ni wọ́n sì ń lò di òní. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé agbo náà tóbi tó pápá bọ́ọ̀lù, ojú ọmọdé ni ó fi ń wò ó. Ẹ má ṣe bá a jiyàn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe sọ ọ́. Ó sì lè jẹ́ pé agbo mẹ́ta ni ó rí lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé láti àwọn ọdún 1880 ni àwọn ẹgbẹ́ ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń tẹ́ agbo mẹ́ta sábẹ́ àgọ́ kan, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ Yúróòpù dúró lórí agbo kan ṣoṣo. Ìbéèrè kékeré bíi "Agbo mélòó ni ẹ rí?" lè sọ púpọ̀ fún yín nípa irú ẹgbẹ́ tí ó wá sí ìlú wọn.

Amẹ́ríkà náà ni àgọ́ aláṣọ ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Joshuah Purdy Brown, tí ó ní ẹgbẹ́ sákọ́ọ̀sì kan, lò ó ní 1825; kí ó tó dìgbà náà, ilé onípákó ni wọ́n máa ń kọ́ fún eré náà. Ní 1872, ẹgbẹ́ P. T. Barnum kó ẹrù wọn sínú ọkọ̀ ojú irin, ó sì wá ṣeé ṣe fún ẹgbẹ́ ńlá láti fo àwọn ìlú kéékèèké dá, kí wọ́n sùn nínú ọkọ̀, kí wọ́n sì jí sí ìlú mìíràn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Amẹ́ríkà fi ń rántí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ní ìdájí ju bí wọ́n ṣe ń rántí eré lọ. Bàbá wọn jí wọn nígbà tí ilẹ̀ kò tí ì mọ́, wọ́n lọ wo bí wọ́n ṣe ń sọ erin àti kẹ̀kẹ́ ẹrù kalẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni ìran yẹn. Ní ilẹ̀ Soviet, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: ìjọba gba sákọ́ọ̀sì sọ́wọ́ ara rẹ̀ ní 1919, wọ́n sì kọ́ ilé sákọ́ọ̀sì alágbára sí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá, tí ó fi jẹ́ pé ọmọ tí ó dàgbà níbẹ̀ lè máa rántí àtẹ̀gùn olókùúta àti àga tí a to ní ìpele ìpele, kí ó má rántí okùn àgọ́ rárá. Ẹ má ṣe fi àgọ́ sí ìrántí ẹni tí kò rí àgọ́.

Ìjókòó àti ìbéèrè

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun tí ó dára ni láti kọ́kọ́ fi fídíò tàbí sinimá sákọ́ọ̀sì han àgbàlagbà kí ìrántí rẹ̀ lè jí. Mo gba yín nímọ̀ràn pé kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó bá rí nínú fídíò yóò dàpọ̀ mọ́ ohun tí ó rí nígbà èwe rẹ̀, òun gan-an kì yóò sì lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì mọ́. Fọ́tò inú ilé rẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì tí ó tọ́jú, ìwé ètò eré tí ìyá rẹ̀ fi pamọ́, ìwọ̀nyí yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ sọ gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ tán kí ẹ tó kó wọn jáde. Bí ó bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí wọ́n jọ lọ, ẹ bi wọ́n léèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ọ̀kan bá sọ pé erin kan ni, tí èkejì sì sọ pé márùn-ún ni, ẹ kọ méjèèjì. Ìyàtọ̀ náà wà lára ìtàn.

Ní ti gbígba ohùn sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kò pọ̀ níbẹ̀. Fóònù tó, bí ibi tí ẹ jókòó sí bá dákẹ́ tí ẹ sì gbé e sún mọ́ ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Ẹ sọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ àti ibi tí ẹ wà ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó sì wà nínú ohùn tí ẹ gbà, kí ẹ sì béèrè ní pàtó bóyá ó fẹ́ kí orúkọ òun hàn bí ẹlòmíràn bá máa kà á.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí sákọ́ọ̀sì kò tí ì dé. Ní ayé ọkọ̀ ojú irin, àwọn òṣìṣẹ́ kan máa ń ṣáájú ẹgbẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á máa lẹ àwòrán ìpolówó aláràbarà mọ́ ara ilé àkójọ oko, ògiri ṣọ́ọ̀bù àti ọgbà, wọ́n á sì fún onílé ní tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ nítorí ògiri rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọmọ iléèwé á máa kọjá lára ẹkùn tí ó ya ẹnu. Ẹ béèrè ògiri ta ni, ẹ béèrè ohun tí ó wà nínú àwòrán náà, kí ẹ sì béèrè bóyá ohun tí ó rí nínú àgọ́ bá a mu. Kì í sábà bá a mu, nítorí àwọn ayàwòrán ìpolówó kì í mọ ìwọ̀n, ìjákulẹ̀ ọmọdé tí ó retí ogún kìnnìún tí ó sì rí mẹ́ta jẹ́ ohun tí àgbàlagbà kì í gbàgbé bọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè nípa owó. Ta ni ó san án? Ta ni kò lọ nínú àwọn ọmọ ilé nítorí pé owó kò tó? Ọ̀pọ̀ ni yóò sọ fún yín pé àwọn yọ́ wọlé lábẹ́ etí àgọ́, àwọn mìíràn á sọ pé àwọn pọn omi fún erin kí wọ́n lè fún àwọn ní tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́. Ìtàn omi erin yìí ti di ti gbogbo ayé, nítorí náà ó yẹ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. N kò sọ pé irọ́ ni, torí àwọn ẹgbẹ́ máa ń fún àwọn ọmọ ìlú ní iṣẹ́ kéékèèké ní òwúrọ̀ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ibi tí omi wà, bí garawa náà ṣe tóbi tó, àti irú ẹni tí ó fi tíkẹ́ẹ̀tì lé e lọ́wọ́. Ẹni tí ó gbé garawa náà ní tòótọ́ yóò rántí bí ó ṣe wúwo tó.

Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé ni ibi tí ẹni náà jókòó sí, àti àwọn tí wọ́n jọ jókòó. Ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, nígbà tí òfin ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára aláwọ̀ funfun, ìjókòó àwọn aláwọ̀ dúdú nínú àgọ́ wà lọ́tọ̀. Ọmọ tí ó dàgbà sínú ìyẹn lè má mẹ́nu kàn án bí a kò bá béèrè, nítorí bí ayé rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àgọ́ kékeré ẹ̀gbẹ́, níbi tí wọ́n ti ń gba owó kí ènìyàn lè wo àwọn tí ara wọn yàtọ̀: ẹni tí ó kúrú púpọ̀, ẹni tí ó ga jù, obìnrin onírùngbọ̀n. Àgbàlagbà tí ó wọ inú àgọ́ yẹn nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ lè máa tijú lónìí pé òun tilẹ̀ wò ó. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ béèrè, kí ẹ sì kọ ìtìjú náà sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ó rí. Bí ẹ bá yọ ìtìjú náà kúrò, ẹ ti purọ́ nípa òní. Bí ẹ bá yọ ìran náà kúrò, ẹ ti purọ́ nípa àná.

Imú àti etí máa ń rántí ju ojú lọ. Ẹ béèrè nípa òórùn lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n ń dà sínú agbo, òórùn ẹranko, òórùn aṣọ àgọ́ tí oòrùn ti pa láti òwúrọ̀. Ẹ béèrè nípa ohùn: ṣé ẹgbẹ́ akọrin onífèrè ni, àbí dùùrù afooru-dún tí Joshua Stoddard gba ẹ̀tọ́ àṣẹ lé lórí ní Amẹ́ríkà ní 1855, tí a ń gbọ́ láti òkèèrè kí a tó rí ohunkóhun? Àwọn mìíràn kò rántí eré kankan mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n lè fi ẹnu kọ orin tí wọ́n ń lù nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin wọlé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́, ẹ má ṣe dá wọn dúró, ohun tí a gbà sílẹ̀ nìyẹn tí ìwé kò lè gbà.

Kí ẹ sì béèrè nípa ẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ ọmọdé ni ó bẹ̀rù aláwàdà tí ó kun ojú ní ẹfun, àwọn kan sunkún títí wọ́n fi gbé wọn jáde, àwọn kan sì sùn lọ kí eré tó dé ìdajì. Ìrántí tí ó kún fún ayọ̀ nìkan, tí kò sí ìgbẹ́ erin, òùngbẹ, ìtọ̀ tí a há mọ́ra tàbí ẹ̀rù nínú rẹ̀, máa ń mú mi fura pé ìwé ìpolówó ni ẹni náà ń rántí.

Àwọn ìrántí tí kò rọrùn

Àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ sákọ́ọ̀sì jẹ́ egbò fún. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1944, ní Hartford ní ìpínlẹ̀ Connecticut, àgọ́ ńlá ẹgbẹ́ Ringling gbiná nígbà tí eré ń lọ lọ́wọ́, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ìda àbẹ́là tí wọ́n fi epo bẹntiróòlù pò ni wọ́n ti fi kun aṣọ àgọ́ náà kí òjò má baà wọ inú rẹ̀. Ó lé ní ènìyàn 160 tí ó kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì jẹ́ ọmọdé. Àwọn akọrin lu orin ìyan ológun kan tí John Philip Sousa kọ, èyí tí ó jẹ́ àmì láàárín àwọn òṣìṣẹ́ sákọ́ọ̀sì pé ewu ti dé. Bí ẹ bá bá ẹni tí ó yè é pàdé, tàbí ẹni tí ó yọ nínú jàǹbá mìíràn, ẹ sọ fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ pé ó lè dúró nígbàkigbà, ẹ má ṣe bi í léèrè ohun tí ó rí nínú iná. Ẹ béèrè ẹni tí wọ́n jọ lọ àti bí wọ́n ṣe dé ilé. Bí ó bá fẹ́ sọ èyí tí ó kù, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọ́.

Àwọn tí wọ́n bí sínú sákọ́ọ̀sì náà tún wà, àwọn tí òbí wọn ń fò lórí okùn tàbí tí ń kọ́ ẹṣin. Ìbéèrè wọn kò lè jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti òǹwòran. Fún wọn, ìlú ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀, àgọ́ ni ilé. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe kàwé, ọjọ́ orí tí wọ́n kọ́kọ́ wọ agbo, ẹni tí ó kọ́ wọn ní iṣẹ́, ẹni tí owó wọn lọ sí ọwọ́ rẹ̀, àti ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ fara pa. Ẹ má ṣe gbàgbé pé fún àwọn ọmọ kan, ìgbà èwe nínú sákọ́ọ̀sì jẹ́ iṣẹ́ àfipáṣe: ní 2011 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Íńdíà pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe gba ọmọdé sí iṣẹ́ sákọ́ọ̀sì mọ́. Ẹni tí ó ti ibẹ̀ wá lè má fẹ́ kí a máa fi ọ̀rọ̀ dídùn ṣe ìtàn rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́.

Wíwá ọdún tí ó jẹ́

Ọmọdé kì í mọ ọdún. Ó mọ ilé tí wọ́n ń gbé, olùkọ́ tí ó kọ́ ọ, àbúrò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, bàtà tí ó wọ̀. Láti inú irú nǹkan báwọ̀nyí ni ẹ óò ti sún mọ́ ọdún náà, lẹ́yìn náà ni ẹ óò wá lọ wo àkọsílẹ̀. Ìwé ìròyìn ìlú náà ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí pé ìpolówó sákọ́ọ̀sì máa ń jáde níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, ìròyìn eré fúnra rẹ̀ sì máa ń jáde ní ọjọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà tún máa ń tẹ ìwé ìrìn-àjò jáde ní ìparí ọdún eré kan, nínú èyí tí wọ́n to gbogbo ìlú tí wọ́n dé sí ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan tilẹ̀ kọ ọjọ́ tí òjò rọ̀ àti ọjọ́ tí ọkọ̀ pẹ́ dé. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà ní Circus World, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti sákọ́ọ̀sì, ní ìlú Baraboo ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ibi tí àwọn ọmọ ìyá Ringling ti bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ wọn ní 1884, ó sì wà ní ilé ìkàwé Milner ní Illinois State University. Fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àkójọ ńlá tí ó wà ní Yunifásítì Sheffield ni kí ẹ wá lọ.

Bí ẹ bá ní ìwé ìpolówó lọ́wọ́, ẹ óò rí i pé wọ́n sábà máa ń kọ ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀ àti ọjọ́ inú oṣù sí i láìkọ ọdún. Èyí kò burú. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 16 oṣù Keje, fún àpẹẹrẹ, bọ́ sí 1945, 1951, 1956 àti 1962, kò sì bọ́ sí ọdún mìíràn láàárín wọn. Bí ẹni náà bá ti sọ fún yín pé òun kò tí ì wọ iléèwé nígbà náà, ọdún kan ṣoṣo ni yóò kù nínú mẹ́rin.

Orúkọ ẹgbẹ́ ni ó máa ń ṣì àwọn ènìyàn lọ́nà jù. Àwọn ará Ringling ra ẹgbẹ́ Barnum & Bailey ní 1907, ṣùgbọ́n wọn kò pa méjèèjì pọ̀ títí di 1919. Ìyá àgbà tí ó sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀ pé òun rí ẹgbẹ́ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní 1910 lè má ṣì í sọ. Ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ nípa 1930 ni kí ẹ tún yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò. Ìwọ́de ojú pópó náà ń fẹ́ àyẹ̀wò. Ní nǹkan bí 1920 ni ẹgbẹ́ ńlá yìí ti jáwọ́ nínú ìwọ́de tí wọ́n máa ń ṣe yí ìlú ká kí eré tó bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ àwọn tí a bí lẹ́yìn ìgbà náà ń rántí pé àwọn rí erin tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ lójú títì. Wọn kò fi dandan purọ́. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ṣì ń ṣe ìwọ́de tiwọn, wọ́n sì máa ń fi ẹsẹ̀ da erin láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin lọ sí ibi eré fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ẹ kọ ohun tí ẹni náà sọ, kí ẹ wá kọ àlàyé tiyín sí ìsàlẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí ó yàtọ̀ sí tirẹ̀.

Sísọ bí sákọ́ọ̀sì ṣe rẹ̀yìn

Kò sí ìrántí sákọ́ọ̀sì tí kì í kan ìbéèrè pé kí ló dé tí kò sí mọ́, ibí yìí sì ni àwọn tí ń kọ ọ́ ti máa ń yára jù. Ẹnìkan á ní tẹlifíṣọ̀n ni, ẹlòmíràn á ní àwọn tí ń jà fún ẹranko ni. Bí mo bá wò ó, ọ̀nà àbùjá ni méjèèjì. Sinimá àti rédíò ti ń fa òǹwòran lọ́wọ́ sákọ́ọ̀sì kí tẹlifíṣọ̀n tó wọ ilé. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, owó ọ̀yà àti owó ìrìn-àjò ga sí i, ìlú ń fẹ̀, wọ́n sì kọ́lé sí àwọn pápá tí ó wà nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Iná Hartford fa gbèsè ìtanràn tí ó sún mọ́ mílíọ̀nù márùn-ún dọ́là sí ẹgbẹ́ Ringling lọ́rùn. Ní 1956, nígbà tí wọ́n ká àgọ́ náà ní Pittsburgh, John Ringling North tí ó ni ẹgbẹ́ náà sọ ní gbangba pé ìgbà àgọ́ ti kọjá, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ kan náà tún lo ọgọ́ta ọdún nínú gbọ̀ngàn. Nítorí náà, bí ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ bá ní sákọ́ọ̀sì ti kú, ẹ béèrè èyí tí ó ní lọ́kàn: ṣé àgọ́ ni, ṣé ẹranko ni, àbí pé kò dé ìlú tirẹ̀ mọ́?

Ọ̀rọ̀ ẹranko ní ọjọ́ tirẹ̀ tí a lè tọ́ka sí. Íńdíà fi òfin de lílo béárì, ọ̀bọ, kìnnìún àti ẹkùn fún eré ní 1998. Bolivia fòfin de gbogbo ẹranko nínú sákọ́ọ̀sì ní 2009. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin tí wọ́n ṣe ní 2019 lòdì sí ẹranko igbó nínú sákọ́ọ̀sì alárìnkiri bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní 2020, Faransé sì ṣe tirẹ̀ ní 2021 pẹ̀lú àyè títí di 2028. Ẹgbẹ́ Ringling yọ erin kúrò nínú eré ní oṣù Karùn-ún 2016, ó sì pa eré tì ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún 2017 ní Uniondale ní ìpínlẹ̀ New York; àwọn tí wọ́n ni ín sọ pé títa tíkẹ́ẹ̀tì lọ sílẹ̀ gan-an lẹ́yìn tí erin lọ, àti pé ìnáwó ti ga jù. Ní 2023, wọ́n padà wá láìsí ẹranko kankan. Cirque du Soleil, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Quebec ní 1984 láìlo ẹranko, fi hàn pé àwọn ènìyàn ṣì ń sanwó láti wo ẹni tí ń tàkìtì lábẹ́ àgọ́, síbẹ̀ nígbà tí àrùn kòrónà ti gbogbo ibi eré pa ní 2020, òun náà ní láti wá ààbò ilé ẹjọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó jẹ ní gbèsè.

Ẹ má ṣe fi gbogbo ìmọ̀ yìí sí ọmọdé lẹ́nu. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó jókòó níbẹ̀ kò mọ̀ pé ohun tí òun ń wò ti ń tán lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ohun tí ọ̀pá oníkọ̀ọ́ tí ó wà lọ́wọ́ adarí erin wà fún. Ẹni náà tí ó ti di ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin lónìí mọ̀ ọ́n, ó sì lè máa fẹ́ràn erin tí ó rí nígbà náà, kí inú rẹ̀ sì máa bàjẹ́ nípa bí wọ́n ṣe tọ́ ọ. Ẹ kọ ti ọmọ náà pátápátá ní àkọ́kọ́ bí ó ṣe rí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà náà sọ tirẹ̀, pẹ̀lú ọdún tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bẹ́ẹ̀ bí ó bá rántí. Àwọn tí wọ́n ń da méjèèjì pọ̀ máa ń kọ ìtàn tí ọmọ inú rẹ̀ gbọ́n jù.

Kíkọ ọ́ àti títọ́jú rẹ̀

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láti inú ohùn tí ẹ gbà ní kíá, kí ọ̀rọ̀ ẹni náà má tíì kúrò létí yín, ẹ má ṣe tún èdè rẹ̀ ṣe títí yóò fi dà bí tiyín. Nínú gbogbo ohun tí ó sọ, ẹ wá èyí tí ọwọ́ lè kàn, kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. "Inú mi dùn púpọ̀ lọ́jọ́ náà" kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí ń kà á. "Mo di owó tíkẹ́ẹ̀tì mú láti òwúrọ̀ títí àmì rẹ̀ fi hàn ní àtẹ́lẹwọ́ mi" sọ púpọ̀, ayọ̀ sì wà nínú rẹ̀ láìdárúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá ń kọ ìrántí ara yín, òfin kan náà ni. Ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀ kí ẹ tó mú ìwé, nítorí ẹnu máa ń yà sí ibi tí kálámù kì í yà sí. Ibi tí ó bá ti sọ pé kò dá òun lójú, ẹ jẹ́ kí iyèméjì náà dúró. Ojú ìwé mẹ́ta sí márùn-ún sábà máa ń tó.

Ẹ kọ orúkọ, ibi àti ọdún sí ẹ̀yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú pẹ́ńsù tí orí rẹ̀ rọ̀, ẹ má ṣe lo bírò, nítorí tádà rẹ̀ lè jẹ wọ iwájú. Ẹ ya àwòrán tíkẹ́ẹ̀tì àti ìwé ètò eré ní iwájú àti ní ẹ̀yìn, pàápàá ẹ̀yìn, torí pé ibẹ̀ ni àwọn òbí máa ń kọ nǹkan sí. Ẹ ṣe ẹ̀dà ohùn náà méjì, kí ọ̀kan wà níbi tí kì í ṣe inú fóònù. Ẹ fún ẹni tí ó sọ ọ́ ní ẹ̀dà tirẹ̀ kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni, kí ó sì yọ ohun tí kò bá fẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ibi àkójọ bíi Baraboo tàbí Sheffield, ẹ kọ̀wé sí wọn ṣáájú láti mọ ohun tí wọ́n ń gbà, kí ẹ sì fi ojú ìwé kan sí i tí ó sọ ẹni tí ó sọ̀rọ̀, ọdún tí a bí i, ìlú àti ọdún tí ó rí sákọ́ọ̀sì náà, bí ẹ ṣe mọ ọdún náà, àti bóyá ó gbà kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ hàn.